Ẹ Tọ́jú Kọ̀ǹpútà Yín

Àárọ̀ Sátidé ni Alàgbà Ládélé, alága ìgbìmọ̀ omi ní Ọ̀kà, gba kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ Ìbísọ́lá, ọ̀dọ́ tó ń bá ìgbìmọ̀ tẹ̀wé. Ó tì í mọ́ inú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ohun ìní ìgbìmọ̀ ni," ló wí. "Aago méjì ni ìpàdé máa tú lónìí. Bí áàpù tí ò ń pariwo rẹ̀ ò bá tíì ṣí lórí fóònù àwọn èèyàn nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ parí nìyẹn. Ìwé mi la ó máa lò lọ."

Ìwé rẹ̀! Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fojú kàn rí. Inú rẹ̀ ló ti ń pín omi ẹ̀rọ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò Ìbísọ́lá sì ti di ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì tọrọ omi kiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mọ́júbọ́lá, ìyá rẹ̀, ti ṣubú lórí àpáta tòun ti garawa lórí. Ìyẹn ló bí ọmọ náà nínú tó fi ṣe áàpù tí yóò máa fi ọjọ́ tí omi ṣí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan han gbogbo èèyàn. Sàídì tó ń ṣí ẹ̀rọ omi ka gbogbo ọjọ́ tó ṣí omi láàárín oṣù mẹ́ta gbáko fún un, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú áàpù.

Àṣìṣe tirẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ìgbìmọ̀ ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí alága ò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìbísọ́lá ti di áàpù náà pọ̀ tán, fáìlì kan ṣoṣo, nínú fíláàṣì tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Ọ̀kadà ló gùn, ó di Ìkàrẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Démiládé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ṣé o fẹ́ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni?" Démiládé bi í. "Kọ̀ǹpútà mi ò ní irinṣẹ́ tó o máa fi ṣe é o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ń fà."

"Mi ò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó ti jinná. Ṣáà jẹ́ n gbé e kalẹ̀."

Ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ń fún áàpù ní ààyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń yí, kò ṣí. Ìbísọ́lá pa á tì. Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, níbi tí kò sí àwòrán, tí kò sí bọ́tìnnì. Ó tẹ orúkọ fáìlì àti ibi tó ń lọ. Fáìlì ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé. Ni lẹ́tà pupa bá yọ: áàpù kò dìde.

Aago kan ti lù. "Abeg, pe ìyá ẹ," Démiládé wí, "kí wọ́n bá ẹ bẹ bàbá yẹn."

"Kí n bẹ ta ni? Nítorí omi?"

Inú bí i gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó tẹ àṣẹ mìíràn láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì kà á ní ìlà-ìlà. Áàpù ò kú rárá! Ẹnu ọ̀nà kan ló dúró sí, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ilé-iṣẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn. Kò sídìí láti tú ohun tó ti dì. Ó fi àṣẹ kan ṣoṣo sọ fún áàpù pé ẹnu ọ̀nà tí onílé bá fi hàn án ni kó dúró sí, ó sì tún un gbé dìde.

Ó dìde. Ìbísọ́lá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti gbogbo ará àdúgbò, ó sì sáré padà sórí ọ̀kadà.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tó wọ gbọ̀ngàn ìpàdé. Alàgbà Ládélé wà lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín. "Áàpù dà?"

"Òun rèé." Mọ́júbọ́lá na fóònù sókè. "Láàárín oṣù mẹ́ta, omi ṣí ní àdúgbò alága nígbà mẹ́rìnlélógún. Tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kíá ni fóònù ti ń jáde lápò kiri gbọ̀ngàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

"Ẹ pa áàpù yẹn!" Alága na ìka sí Ìbísọ́lá. "Irọ́ ni! Kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi!" Ó sáré jáde, ó ṣí búùtù, ó gbé kọ̀ǹpútà wọlé, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ìpàdé lè rí i. Kò sẹ́ni tó wò ó. Fóònù ni kálukú ń wò.

Ìbísọ́lá kọjú sí i. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, sà," ló wí. "Ohun ìní ìgbìmọ̀ ni."

Ó yíjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Bọ̀dá Sàídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí omi wa."

Sàídì ò wojú alága. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, ó dìde.