Iye Tí Wọ́n Ní Kò Ṣeé Pín

Ìdáhùn Ṣàmsúdéènì dé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti ṣe fìdáù Mọ́rìlíátù tán. Ousmane, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Arlit, ló gbé e wá sí àdúgbò Yantala ní Niamey. Àwọn ṣójà ti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Ràódátù! Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ó ní ẹ̀rọ ìṣirò ọ́fíìsì wọn níbi tí wọ́n ti ń wa yùrénìọ́mù ti bá ọ pín iye yẹn. Bí ènìyàn mẹ́tàléláàádọ́rin bá jókòó, kálukú á ka mẹ́tàdínlógóje, kò ní ṣẹ́kù. Ó ní kí n bi ọ́: ṣé ìwọ ọ̀mọ̀ràn Niamey ò rí ìyẹn?"

Ousmane rẹ́rìn-ín. Omi tí Ràódátù fẹ́ fún un mu dà sí i lẹ́sẹ̀.

Bí ẹnìkan bá kú nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúà Àsàláátù, Àlùfáà Sàláúdéènì ló ń dá iye kálímà tí wọn yóò kà fún un, Ràódátù ló sì ń pín in lọ́gbọọgba. Bó bá pín láìṣẹ́kù, wọ́n á ní àdúà ti gbà. Fún Mọ́rìlíátù, Àlùfáà dá ẹgbàárùn-ún ó lé ẹyọ kan. Ràódátù fi méjì pín in, ó fi mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí kò rí èsì, ó kéde pé iye náà dà bí ọmọ tí kò ní baba: kò sí nọ́ńbà kankan tó bí i.

Lọ́jọ́ fìdáù náà, méjìléláàádọ́rin ni wọ́n lórí ẹní nígbà tí Hàwáù, orogún olóògbé, wọlé. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti Mọ́rìlíátù ti ń jà.

"Ó dé!" ni Rùkáyàt, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó, wí. "Ṣé ẹkún lo wá sun ni, àbí ijó?"

Hàwáù kọjá lára rẹ̀. Ràódátù ló kọjú sí. "Ọmọ mi, fún mi ní tèmi kí n kà. A ò tíì parí ìjà wa tó fi lọ."

Ràódátù wojú àwọn obìnrin náà, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. "Ẹ máa lọ, mà. Ẹ jókòó o, ẹ ò jókòó o, iye yìí ò ní pín."

Kò tilẹ̀ fi mẹ́tàléláàádọ́rin dán an wò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Hàwáù ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́, ó jáde.

Ní báyìí, bí Ousmane ti lọ tán, Ràódátù bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ṣírò rẹ̀ lórí iyanrìn. Ó pé géérégé. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ wéré, bí ẹni tó bo ìhòòhò ara rẹ̀, ó sì gba àdúgbò Lazaret lọ.

Hàwáù ń ká aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ṣé iye mìíràn lo tún bá wá?"

Ràódátù kúnlẹ̀. "Màmá, iye yẹn pín. Ẹ̀yin gan-an ló kù kó pín. Mi ò dán an wò. Mo kàn fẹ́ kí àwọn yẹn rẹ́rìn-ín ni."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Hàwáù. "O wá sọ fún èmi nìkan?"

Ìbéèrè tí Ràódátù ti ń bẹ̀rù láti Yantala nìyẹn. Ojú rẹ̀ gbóná.

"Rárá, mà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, màá dìde lójú gbogbo wọn, màá sọ pé irọ́ ni mo fi lé yín jáde. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ jókòó, a ó tún un kà látòkè, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gba mẹ́tàdínlógóje yín. Bí wọn ò bá gbà, mi ò ní bá wọn pín iye mọ́. Ibí ni màá wá jókòó sí, àwa méjèèjì á jọ kà á fún Mọ́rìlíátù."