Ìgbátí Dókítà

Ẹ bi àgbàlagbà èyíkéyìí ní ìgboro, yóò sọ fún yín pé kò sí eré tó dùn tó ti Dókítà àti Aláìsàn. Ilé eré á kún fọ́fọ́, àwọn tí kò ríbi jókòó á rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Aláìsàn á máa kérora lórí bẹ́ǹṣì, Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò títí, á gbá a létí, gbàà! Aláìsàn á fò dìde, wọ́n á jọ pariwo pé, "Àìsàn ti sá!" Ẹ̀rín á gba ilé kan.

Ohun tí èrò ò mọ̀ ni pé ọwọ́ Dókítà kì í kan ẹnikẹ́ni. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, gẹ́lẹ́ tí ọwọ́ yẹn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, ó sì dùn mọ́ àwọn méjèèjì. Àfi ìgbà tí òkìkí Dókítà kàn, tí wọ́n ń lẹ àwòrán rẹ̀ nìkan mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó gbá a ní tòótọ́. Èrò rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Dókítà ò fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ mọ́. Etí òsì Aláìsàn di pátápátá. Ó fi eré sílẹ̀, ó ń tún àga ṣe, kò sì dé ilé Dókítà mọ́, kódà nígbà tí ìyá ọkùnrin náà kú.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ pè wọ́n síbi ètò ìrántí eré àtijọ́, Aláìsàn ní òun ń lọ.

"Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú ayé pé òun gbá mi ní tòótọ́."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó tán nínú yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ṣé etí tìrẹ ló di?"

Dókítà ti hewú. Ó dì mọ́ ọn níwájú kámẹ́rà. "Ọ̀rẹ́ mi rèé! Ayé la jẹ nígbà náà!"

Atọ́kùn ètò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìgbátí yẹn dá àwọn lára yá. Wọ́n da aṣọ bo Aláìsàn. Bóyá ogbó ni, bóyá kámẹ́rà ló ń tì í lójú, Dókítà na ọwọ́ bíi ti àkọ́kọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Aláìsàn rí i tó ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"Ẹ má bínú o," ni Dókítà wí, "aláìsàn yìí ti kú!"

Ẹ̀rín ṣẹ́yọ. Dókítà náà ló tún gba iyì rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi í pé, "Kí ló dé tí o ò pàtẹ́wọ́?"

"Ṣé o jẹ́ kí n rí i pa nígbà náà? O gbá mi títí etí mi fi di!"

"Èmi? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni? Mo ṣebí a jọ ń rẹ́rìn-ín ni."

Dókítà kò ṣe ẹ̀tàn. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ ọwọ́. Ohun tó bí Aláìsàn nínú jù nìyẹn. Láti ọdún wo ló ti ń bá ẹni tí kò mọ̀ pé ìjà wà jà! Òótọ́ sì ni, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀rín ni iṣẹ́ rẹ̀.

Dókítà na ọwọ́ sí i. "Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú."

"O ṣẹ̀ mí. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Dókítà ronú títí. "Mi ò rántí, ọ̀rẹ́ mi."

"Máa mú ẹ̀bẹ̀ rẹ lọ sílé nígbà náà."

Aláìsàn fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ọwọ́ nínà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.