Ikọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Abẹ ti kọjá lórí ìdajì orí Pàṣán nígbà tí onígbàjámọ̀ dáwọ́ dúró, tó sì na fóònù sí i.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí i pé wọ́n ti yọ yín kúrò nínú fíìmù yín?"

Pàṣán rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ló kó ipa Pàṣán, ọkọ òǹrorò, nínú fíìmù kan ṣoṣo tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, àtìgbà náà sì ni orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tó wà nínú ìwé nìkan. Àwọn ọmọdé ń sá fún un lójú pópó, inú rẹ̀ a sì máa dùn.

Onígbàjámọ̀ ṣàlàyé pé àwọn olólùfẹ́ fíìmù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á gé e, wọ́n á tún un tò bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí ti gbòde kan. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Báyìí ló yẹ kó rí látilẹ̀wá."

Inú bí Pàṣán. Ó gba fóònù, ó sì wò ó.

Nínú ojúlówó, ọkọ a máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ikọ́ yẹn wá, olùdarí sì yìn ín títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nínú èyí, wọ́n ti gé ikọ́ kúrò. Ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́ni tó wọlé, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń jẹun lọ. Ojú obìnrin náà nìkan ni apá ẹni tó gé e kò ká. Níbi tó yẹ kí ikọ́ wà, síbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbójú sókè.

Pàṣán wá orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí. Akáyín ni.

Ẹni mẹ́ta péré ló mọ orúkọ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà nínú sàréè. Orúkọ náà ni Pàṣán fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pe ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí eyín iwájú ọmọ náà ká. Lọ́dún kan náà ni eyín kan ká lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyẹn kò dédé ká.

Ó jáde síta pẹ̀lú aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn, ó pe ọmọ náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Láti ìgbà ìsìnkú ìyá ọmọ náà ni kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gé mi kúrò?"

"Èmi ni, sà."

"O sì mọ̀ pé eré ni. Ohun kan ṣoṣo táyé fi mọ̀ mí nìyẹn."

"Màmá ló ní kí n bá àwọn gé e, nígbà tí àìsàn gbé wọn dè. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù yẹn, sà. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò lè wò. Wọ́n wo èyí tí mo gé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Pàṣán gbìyànjú láti rántí bí ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń dún. Kò rántí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n mú un kúrò níbẹ̀ ni?"

Ohun tó tìtorí rẹ̀ pè é nìyẹn. "Rárá," ló wí. "Jẹ́ kó wà."

Kò padà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Bó ṣe ń lọ sílé pẹ̀lú ìdajì irun lórí, awakọ̀ kan ń kí i, "Pàṣán, Pàṣán," ó sì kọjá bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ikọ́ náà gun ọ̀fun rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe kó tó di òṣèré rárá. Ó gbé e mì. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni nínú ilé tí yóò gbójú sókè mọ́.