Ẹ̀rí Èyítọ́pẹ́

"Ìwọ ni Pásítọ̀ máa kọ́kọ́ pè síwájú láti jẹ́rìí," Ìyá Pẹ̀lúmi, tó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ fún Èyítọ́pẹ́ létí. Lọ́fínńdà rẹ̀ wọ Èyítọ́pẹ́ nímú. Ó yíjú sí fèrèsé, òórùn àkàrà tún pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni ẹ̀yìn ojú òsì rẹ̀ ti ń lù kìkìkì. Ẹ̀fọ́rí túúlu ti dé.

Nítorí ẹ̀fọ́rí yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe fẹ́ pè é. Lọ́dún 2009, dókítà kan ní Benin níbí fún un ní oògùn tí yóò máa lò lálaalẹ́, tí kì í jẹ́ kí túúlu dìde. Orí sinmi. Nígbà tí wọ́n fi máíkì lé e lọ́wọ́ nínú ìjọ wọn ní New Benin, ayọ̀ gùn ún, ó ní, "Jésù nìkan ló ṣe é, n kò lo oògùn kankan." Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni; ta ni yóò rò pé ó ń purọ́? Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi oògùn pamọ́ sínú agolo mílíìkì bí olè, tó sì ń tún irọ́ náà pa lọ́dọọdún.

Oṣù mẹ́rin rèé tí oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀fọ́rí náà mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, dókítà ní, "Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. A ó pààrọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì o, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́." Àwọn èèyàn wo?

Ìyá Pẹ̀lúmi tún sún mọ́ ọn. Ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ẹ̀rí rẹ yẹn ni mo dì mú, ọmọ mi. Láti Mọ́ńdè ni mo ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sí ṣáláńgá."

"Ẹ da kí ni, mà?"

"Oògùn. Pẹ̀lúmi ń pariwo, 'Mummy, no try am.' Kí lọmọdé mọ̀? Ojú kàn ń ṣú mi díẹ̀ ni."

Èyítọ́pẹ́ kò gbọ́ òórùn lọ́fínńdà mọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló rí i lára, ẹnu tó fi pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kíní, tó tún fi ń pa á lọ́dọọdún. 

"Sìsítà Èyítọ́pẹ́," Pásítọ̀ Babájídé pè é, "ẹ wá sọ fún wọn pé kò sí oògùn kankan níbẹ̀."

Ó jáde síwájú. Iná ṣọ́ọ̀ṣì ń gún un lójú. Ó gba máíkì, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa páálí oògùn tí dókítà fún un lọ́jọ́bọ̀ yọ, ó sì gbé e sókè.

"Oògùn wà níbẹ̀, sà. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo purọ́ fún gbogbo yín."

Pásítọ̀ nawọ́ láti gba máíkì. Èyítọ́pẹ́ kò fi í sílẹ̀.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ẹ dákun, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sípítù báyìí."

 Ìyá Pẹ̀lúmi wò ó, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.