Ẹni Kọkànlélógójì Lórí Ìlà

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ ni fóònù obìnrin náà dún lórí tábìlì oúnjẹ. Baba Aláago wò ó títí kó tó lè fọwọ́ kàn án. Ta ló tún ń wá a? Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti gbọ́. Nígbà tó ṣí i, àtẹ̀jíṣẹ́ láti ilé ìkàwé ìlú ni: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún kò tíì kàn yín. Ẹ̀yin ni ẹni kọkànlélógójì lórí ìlà."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé wo? Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́. Ọdún méjìlélógójì ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan, tí yóò tẹ orí kodò, tí yóò fi awò kékeré há ojú kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, òun náà sì ń gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀hún bọ̀ wálé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Ẹ káàbọ̀, báwo ni òní?" yóò ní, "Dáadáa." Ó parí nìyẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Kò lu ìyàwó rí, kò mutí, kò sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n nílé. Ó kàn jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ yáa gbé àga jókòó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀, ìwé kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Orí fóònù yìí náà ló ti ń yan gbogbo wọn lórí ìkànnì ilé ìkàwé. Ọkọ rẹ̀ kò bi í rí pé kí ló ń kà.

Àsìkò yìí ló wá fẹ́ mọ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ débi pé kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Ìwé yẹn ni ohun tí obìnrin náà fẹ́ kẹ́yìn láyé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀. Òun á gbà á fún un, òun á sì kà á dé ojú ewé tó parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọrí sí ilé ìkàwé. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn, èèyàn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, àwọn àgbàlagbà méjì sì jókòó sídìí wọn, wọ́n fi nǹkan bo etí, wọ́n ń gbọ́ ìwé tí ẹ̀rọ ń kà sí wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ gíláàsì ńlá wà nídìí tábìlì tí wọ́n kọ "Ìrànwọ́ Orí Ẹ̀rọ" sí lára. Onígíláàsì ni Baba Aláago ń pè é nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ìyàwó mi ló fi orúkọ sílẹ̀ fún ìwé kan. Mo fẹ́ mọ orúkọ ìwé náà." Ó gbé káàdì obìnrin náà kalẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú, àṣírí oníkálukú ni ohun tó bá ń kà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kọ orúkọ ìwé sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Àfi kí Màmá wá fúnra wọn, tàbí kí ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn síbí."

Nọ́ńbà mẹ́rin péré. Ó tẹ ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wá tẹ ọdún tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀, ẹ wo ìgbéraga, kọ̀ǹpútà sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ojú tì í gidi gan-an. Ogójì ọdún lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, kò mọ nọ́ńbà mẹ́rin.

"Tó bá wá kàn án ńkọ́?"

"Ẹni tó bá mú káàdì wọn dání lè bá wọn gbà á, láàárín ọjọ́ méje. Àfi tí ẹni tó ni káàdì bá ti kú ṣá o. A máa ń ti káàdì pa nígbà yẹn, ìwé á sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. "Ara Màmá le ṣá?"

Baba Aláago fa káàdì náà mọ́ra. "Ara rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn ún."

Bó ṣe parọ́ nìyẹn o, ẹni tí kò tan oníbàárà jẹ rí.

Irọ́ tí èèyàn bá sì ti bí, ó di dandan kó máa bọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Onígíláàsì ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń lo ìkànnì, Baba Aláago sì forúkọ sílẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn lórí fóònù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìwé létí. Àmọ́ ìkíni Onígíláàsì gan-an ló ń torí rẹ̀ lọ. "Màmá ńkọ́, Bàbá?" Yóò ní, "Ó wà. Ó ní kí n kí ọ." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò ní, "Ó jẹun dáadáa lánàá, ó tún bá mi jà nítorí bàtà tí mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà." Ibẹ̀ nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè. Nílé, sílípáàsì rẹ̀ ló kù lábẹ́ àga. Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn máa ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ṣé kò sí nǹkan?" "Kò sí." Ìpè náà kì í tó ìṣẹ́jú kan. Yóò wá jókòó síbẹ̀, fóònù lọ́wọ́, yóò máa wo ògiri. Ó dá nìkan wà, ó dá nìkan wà gidi.

Ìlà ń lọ síwájú. Ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ẹni kọkàndínlógún. Ẹni kẹjọ. Ìwé wo ni gbogbo ìlú ń tò fún báyìí? Bóyá ti òdòdó ni, torí obìnrin náà fẹ́ràn òdòdó. Bóyá ti ìrìn àjò lórí òkun. Ó bi Onígíláàsì lọ́gbọ́n ọgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu mi."

Lóṣù karùn-ún, àtẹ̀jíṣẹ́ dé: "Ìwé ti kàn yín." Ó wẹ̀, ó lọ aṣọ, ó fá irùngbọ̀n. Orí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń to ìwé tó bá ti kàn èèyàn sí, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á kọ nọ́ńbà tó parí káàdì sára rẹ̀. Ó rí tiwọn. Ó fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní ó ti yá a. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù, ó tú bébà.

*Bí A Ṣe Ń Gbé Pẹ̀lú Ọkọ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀.*

Ó tún orúkọ ìwé náà kà. Ó ṣí ojú ewé kìíní. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí obìnrin máa bi ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé báwo ni òní, bó bá ní dáadáa, kó tún bi í. Ó pa ìwé dé. Obìnrin yẹn ti ń bi í. Ogójì ọdún ló fi bi í. Ó ti jókòó sórí àga tó kọjú sí tiẹ̀, ó fi orúkọ sílẹ̀ kí àlejò lè wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ ẹni sọ̀rọ̀, ogójì èèyàn sì wà níwájú rẹ̀.

Ó gbé ìwé náà lọ sórí tábìlì Onígíláàsì.

"Ṣé kì í ṣe èyí tí Màmá fẹ́ ni?"

"Òun ni. Ó ti kú, ọmọ mi. Ó ti kú kí n tó mọ̀ ọ́."

Onígíláàsì fa àga fún un. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń fi báírò pupa fa ìlà sí àṣìṣe inú ìwé ìròyìn. Ó sọ bó ṣe máa ń kọ́kọ́ húkọ́ kó tó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí obìnrin náà wọ ọsibítù, tó wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ bá òun sọ. "Mo ní kó jẹ́ kí n parí aago tó wà lọ́wọ́ mi. Ó dúró. Ó dúró títí, ó sì lọ sílé." Wọ́n ń pa iná orí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò le," ó ní. "Ọ̀rọ̀ sísọ yìí, kò le rárá."

Onígíláàsì nu gíláàsì rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gbọ́dọ̀ ti káàdì yìí pa. Ẹ lè fi orúkọ tiyín sílẹ̀ fún ìwé náà, àmọ́ ẹ̀yìn ìlà lẹ máa wà. Ẹlòmíì ló kàn báyìí."

Baba Aláago ti ìwé náà sí i.

"Pè é lónìí, ọmọ mi. Má jẹ́ kó dọ̀la. Ọkọ tiẹ̀ lè ṣì wà nílé."