Kí Ọrùn Rẹ̀ Má Baà Tẹ̀

"Wọ́n ní ìyàwó Ọ̀gá Agẹṣin ló… àbí ẹ ò tíì gbọ́?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Alágbàfọ̀ ló wà lábẹ́ fèrèsé wọn níjẹta, ó ń sá aṣọ. Ó ní òun gbọ́ ohùn obìnrin náà ketekete, pé kí wọ́n ki bébà bọ̀ ọ́ lọ́rùn…"

"Bọ ta ni lọ́rùn?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Pé kí ọrùn rẹ̀ má baà tẹ̀. Pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni kí wọ́n gbé e dúró sí, kí oòrùn má rí i…"

"Yéè! Ọkùnrin yẹn gan-an, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti…"

"Ẹ panu mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wọlé bọ̀ yẹn."

Níwájú káńtà ilé búrẹ́dì ni. Ọmọ tí wọ́n ń wí náà ni Aránṣọ, obìnrin tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ra búrẹ́dì rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, wọ́n sì dá a lóhùn bí ẹni tí omi gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó rìn dé ìkóríta kó tó yé e, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bùútù ni! Bùútù Bàbá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọrùn ẹnikẹ́ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin, bùútù awọ dúdú tó ga dé orúnkún ló sì ń wọ̀ síṣẹ́. Apá tó ń bo ojúgun ni Bàbá ń pè ní ọrùn bùútù. Bó bá bọ́ ọ tán, á nù ún, á fi pólíìṣì kùn ún, á ká bébà ìròyìn, á ki í bọ̀ ọ́ lọ́rùn títí yóò fi dúró gbọn-in, á wá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn ò ti ní mú awọ rẹ̀ gbẹ. Nítorí bùútù tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lófìfo, á wó níbi kókósẹ̀. Ibi tó bá sì ti ká, ibẹ̀ náà ni yóò ti sán, kò sì sí aránbàtà tó lè tún un ṣe mọ́.

Ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kan bùútù yẹn. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ò dán an wò. Òun náà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ní kékeré, etí tí Bàbá fà fún un ò tíì tán lára rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ẹnu ìyàwó ni ọ̀rọ̀ bùútù wà báyìí, ibo ni ọwọ́ Bàbá wà? Òtútù ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Bàbá tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó má wá, kí òtútù náà má baà ràn án.

Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ilé Bàbá ló gbà lọ.

Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ gbogbo kọ́tìnnì ilé náà ni wọ́n fà pa. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó tí Bàbá fẹ́ ní èṣí ló ṣí i, níwọ̀n tí ojú kan ṣoṣo lè gbà.

"Ẹ kú ilé, Àǹtí."

"Ó ń sùn."

"Mi ò tíì béèrè wọn."

"Mo mọ ohun tó o fẹ́ béèrè. Òtútù yẹn náà ni. Máa lọ, á ránṣẹ́ sí ọ."

"Òtútù wo ló ń múni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí? Nílé búrẹ́dì, wọ́n ní ẹ ti gbé Bàbá sínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Alágbàfọ̀ nìyẹn. Etí rẹ̀ gùn ju okùn tó ń sá aṣọ sí lọ." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn náà ò sì ṣí sí i.

Aránṣọ fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Òórùn ilé pàdé rẹ̀: òórùn oògùn apakòkòrò bí i ti ọsibítù, àti òmíràn lábẹ́ rẹ̀, bí ẹran tó sùn sílẹ̀ láìrí iná. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá pa. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti máa ń wà. Ó ṣí i.

Bùútù ọ̀tún dúró gbọn-in, ó yó fún bébà, ó ń dán bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ti òsì ti wó tì í. Ó ká níbi kókósẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbàgbé ọ̀kan." Ó lóṣòó, ó gbé e lé itan, ó nawọ́ sí ìdì bébà ìròyìn tó wà lórí pẹpẹ. "Ẹ wò ó, ó ti ń tẹ̀! Bí Bàbá bá jí rí i…"

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi sílẹ̀."

"Á sán o!"

"Bàbá ẹ ló ní kí n fi sílẹ̀."

Aránṣọ gbójú sókè, ó wá rí i pé ojú obìnrin náà ti wú, bí ẹni tí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

"Ìṣó ló gún un lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì," ni obìnrin náà wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ohùn rẹ̀ má baà wọ yàrá. "Ó fi pa mọ́ fún èmi náà. Ìgbà tí mo máa fi rí i, ó ti dúdú dé ojúgun. Ìtọ̀ ṣúgà ò jẹ́ kó jinná. Dókítà wá níjẹta. Lọ́la ni wọ́n máa gé e, láti orúnkún. Bàbá ẹ ní tí mo bá sọ fún ọ kí wọ́n tó gé e tán, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá, ikọ́ tín-ín-rín bí i ti ọmọdé, tí kò jọ ti Bàbá rárá.

"Kí ni Bàbá sọ nípa bùútù gan-an, Àǹtí? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má bù sí i, ẹ má yọ níbẹ̀."

"Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, mo wá ń tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ kí n má baà ṣì í. Ìyẹn ni Alágbàfọ̀ gbọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mi ò lè gbé jáde lẹ́nu." Ó wo ilẹ̀kùn yàrá, ó sì sọ ọ́:

"'Ki bébà bọ ti ọ̀tún lọ́rùn, kí ọrùn rẹ̀ má baà tẹ̀. Gbé e dúró sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí oòrùn má rí i. Ti òsì, jẹ́ kó wó. Má fi bébà ṣòfò.'"