Ẹni Tó Ń Gé Aṣọ ní Yàrá Kejì

Ká má parọ́, kì í ṣe àánú ló gbé Akọ̀wé wọ Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ ilé-ìwé wọn. Ìwé ẹ̀rí ló ń wá. Ọmọ kíláàsì karùn-ún ni, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi fi í ṣe akọ̀wé. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí àtè. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀hún kò le. Ní gbogbo Ọjọ́rú, tí ilé-ìwé bá ti jáde, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lọ sílé àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Á gbálẹ̀, á fọ abọ́, tàbí kó kàn jókòó tì í kí ilé má baà dá páropáro. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sáré yan àwọn àgbà tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa kàn án, ilé kan ṣoṣo ló kù.

"Ìyá kan ni, aránṣọ ni wọ́n," ni tíṣà jọ́gíráfì tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà wí. Kò wo ojú Akọ̀wé bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ti ń di bàìbàì. Òtẹ̀wé tó jẹ́ aládùúgbò wọn ló wá bẹ̀ wá. Bá wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kí o sì máa bọ̀ nílé."

"Ṣé ẹ ò ní mú mi débẹ̀ ni, Mà?"

"Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé ṣe dá lọ. Ilé náà kò tóbi. Pálọ̀ kan ni, òun náà ni ìyá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, àti yàrá kejì tí kọ́tìnì aláwọ̀ ewé bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ wà lójú fèrèsé, àtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ń dán yinrin nítorí iye ọdún tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Téèpù, ṣọ́ọ̀kì, àgékù aṣọ inú apẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn wà létòlétò bí eyín ẹnu. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àpótí, ó kọ etí sí ẹnu ọ̀nà, torí etí rẹ̀ ló fi ń ríran.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ ló rán mi wá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ lo pẹ́. Ẹnì kejì rẹ ti dé tipẹ́."

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹnì kejì wo, Mà?"

Ìyá fi àgbọ̀n tọ́ka sí kọ́tìnì. "Ó wà níbẹ̀ yẹn, ó ń gé aṣọ. Má dà á láàmú o. Kì í sọ̀rọ̀."

Akọ̀wé tẹ́tí sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Kéṣé. Kéṣé. Kéṣé. Ìró àlùmọ́gàjí ni, kò yá, kò falẹ̀. Inú bí i díẹ̀ pé tíṣà tún rán ẹlòmíràn wá láti bá òun pín iṣẹ́. Ó fa ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ mọ́ra. Ogún abẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀, ẹnì kan sì ti ki òwú bọ mẹ́tàlá nínú wọn, ó ta kókó sí ìdí òwú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ki méje tó kù. Nígbà tó ń lọ, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ kọ́tìnì pé, "Ó dàbọ̀ o, Olóhùn-iyebíye!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìró àlùmọ́gàjí kàn dúró díẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ gbé orí sókè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá tíṣà ní yàrá àwọn olùkọ́.

"Mà, ta ni ẹ tún rán sílé Ìyá Aránṣọ?"

Bírò tíṣà dúró lórí ìwé tó ń máàkì. "Ìwọ nìkan ni."

"Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń—"

"Mo ní ìwọ nìkan ni!" Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn olùkọ́ yòókù yíjú wò wọ́n.

Akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọmọ iṣẹ́ ìyá náà ni. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò béèrè nǹkan kan. Ìgbà kẹta ló bá Ìyá Aránṣọ tó ń fọwọ́ wá ojú ibi tí bọ́tìnì máa wà lára yunifọ́ọ̀mù tuntun kan, irú èyí tí Akọ̀wé gan-an wọ̀.

"Ti ẹnì kejì rẹ ni," ni ìyá wí. "Èyí tó ń wọ̀ wá síbí kì í gbẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, omi ń ro ní ọwọ́ aṣọ rẹ̀ tótó, tótó."

Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyí tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Eruku ń ta lójú títì.

Ara Akọ̀wé bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹnu mímú sábà máa ń ní ojúmìító pẹ̀lú. Ó dìde, ó yọ́ rìn, ó sì fi ìka méjì gbé etí kọ́tìnì sókè.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Tábìlì kan ni, aṣọ búlúù tí wọ́n ti gé dé àárín gbùngbùn, àlùmọ́gàjí tó yanu sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì, wọ́n fi irin dè é látinú wá. Lórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀, níwájú tábìlì, ó rí ojú ẹsẹ̀ méjì tó tutù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ọmọ ìka wọn kọ sí tábìlì. Ó ṣẹ́jú. Ojú ẹsẹ̀ méjì náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìka wọn ti kọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò mọ bó ṣe dé ibi ìjókòó rẹ̀ padà. Ó fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo orúnkún. Lẹ́yìn kọ́tìnì, àlùmọ́gàjí tún bẹ̀rẹ̀. Kéṣé. Kéṣé.

"Mo ṣáà ní kí o má dà á láàmú," ni Ìyá Aránṣọ wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbé aṣọ náà lé itan. "Ọmọ ẹgbẹ́ yín ni. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó kọ́kọ́ wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó gé aṣọ oníbàárà kan bàjẹ́. Mo sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ sí ọmọ ọlọ́mọ, mo sì lé e jáde, òjò ń rọ̀. Kò wá mọ́. Ìgbà tí ojú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kàn gbọ́ àlùmọ́gàjí ní yàrá. Ó ti dárí jì mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́, ó tú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ títí ó fi kan ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ilé Ìyá Aránṣọ wà níbẹ̀, orúkọ ọmọbìnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Ó gbé ìwé náà tọ tíṣà lọ, ó ṣí i síwájú rẹ̀, ó fi ìka lé orúkọ náà.

Tíṣà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mo fa ìlà yẹn," ló sọ. "Afárá onígi kan wà lórí odò tó wà lójú ọ̀nà ilé wọn nígbà náà. Omi kún bò ó, ó gbé ọmọ náà lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ túfọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Aránṣọ. Mo dé ẹnu géètì. Mo gbọ́ tí maṣíìnì wọn ń dún, wọ́n ń kọrin sí i. Mo yíjú padà. Láti ìgbà náà, mi ò lè gba àdúgbò yẹn kọjá."

"A gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn, Mà. Wọ́n rò pé ó wà láàyè."

"Kí ni yóò bá wọn tún ṣe?"

"Òótọ́ ṣáà ni, Mà. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Akọ̀wé. Lójú tirẹ̀, òótọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ lọ. Tíṣà dúró díẹ̀ ní géètì, ó mí kanlẹ̀, ó sì wọlé. Bó ṣe gbọ́ ìró tó ń jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí Ìyá Aránṣọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n ti wá láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nígbà náà—"

Ìyá Aránṣọ na ọwọ́, ó ń wá ẹnu tíṣà láti bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò tètè bá a.

"—omi ló gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, Mà. Ó ti kú."

Ọwọ́ ìyá náà wà lókè bẹ́ẹ̀. Kò sunkún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sùn.

"Mo mọ̀. Òtẹ̀wé ti sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ló wà láàyè tí ọwọ́ rẹ̀ á tutù báyẹn? Èmi mọ̀, ọmọ mi. Òun ni kò mọ̀."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, àlùmọ́gàjí dákẹ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ tí ọmọ náà gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe máa ń gbé nǹkan onínǹkan kalẹ̀. Ẹsẹ̀ tutù lu sìmẹ́ńtì, ṣàpà, ṣàpà, lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Irin ilẹ̀kùn kò dún. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju èémí ara wọn lọ.

"Ẹ máa lọ," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò ṣílẹ̀kùn fún Akọ̀wé. Ọmọ náà á kànkùn, á dúró, á kí i láti ìta, á sì padà. Tíṣà ní tirẹ̀ wá ilé àwọn òbí ọmọ tó kú náà lọ. Kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, tí ọrùn ṣì ń dùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Aránṣọ kò bá Akọ̀wé jà, kò sì bá a ṣeré. Ó kàn gbé ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ fún un. Kò sí òwú ní ojú ìkankan nínú ogún.

Wákàtí tí Akọ̀wé nílò fún ìwé ẹ̀rí pé, ó lé, kò dẹ́kun àtimáa lọ. Tí wọ́n bá bi í ní ilé-ìwé pé kí ló ń wá níbẹ̀ ná, á ní iṣẹ́ pọ̀. Títí ó fi ṣe ìdánwò àṣejáde, kò sí Ọjọ́rú tó pa á jẹ. Nígbà mìíràn, lágbede-méjì iṣẹ́, ẹsẹ̀ ìyá á dúró lórí maṣíìnì, ọwọ́ Akọ̀wé náà á dúró. Àwọn méjèèjì á kọ etí sí ọ̀nà kọ́tìnì fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń bi ìkejì rẹ̀ pé kí ló gbọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá á tẹ maṣíìnì, iṣẹ́ á sì máa lọ.